Má Wo Fíìmù, Ẹ̀rọ Ni Kí O Wò

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan wá bá mi nílé lóṣù tó kọjá, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tó dára láti kọ́ láyé òde òní. Mo ní n kò mọ irú iṣẹ́ tó dára. Irú ọ̀gá tó dára ni mo mọ̀. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n rò pé ọpọlọ bàbá ti ń rìn gbéregbère. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí sílẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ kà á kà á dópin kó tó bú mi.

Orúkọ mi ni Kàmọ́rù, àmọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, Kàmọ́rù Sinimá ni wọ́n ń pè mí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi fi àwòrán han àwọn ará ìlú yìí, n kò sì ní ṣe ìrẹ̀lẹ̀ ẹ̀tàn: nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà nígbà tiwa, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jẹ́ dókítà àti lọ́yà lónìí, ìsàlẹ̀ yàrá ẹ̀rọ mi ni wọ́n ti sunkún nítorí obìnrin inú fíìmù Íńdíà tí wọn kò mọ̀ rí.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì pẹ̀lú èsì ìdánwò tí bàbá mi kò fẹ́ kí àlejò rí. Bàbá mi ń ta aṣọ, wọ́n sì mọ Alájà Ṣèfíátù, opó tó jogún ilé sinimá ọ̀nà Èjìnrìn lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Alájà ní kí n máa bọ̀. Ọmọ ogún ọdún ni mí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àwọn ọdún 1980 ni. Ní ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ó tó ra ọṣẹ.

Ẹni tí Alájà fà mí lé lọ́wọ́ ni Ọ̀gá Odùṣọ́lá. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Imùṣin ni wọ́n, ènìyàn pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n ti bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn nínú yàrá tó gbóná bí ààrò búrẹ́dì. Àwọn ló ti wà nídìí ẹ̀rọ láti ìgbà tí ọkọ Alájà ti kọ́ ilé náà. Wọn kì í pariwo. Bí o bá ṣàṣìṣe, wọ́n á fi rúlà onígi kàn ọ́ lórí ìka, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé eṣinṣin ni wọ́n lù.

Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ní, "Kàmọ́rù, kí lo rò pé o wá kọ́ níbí?"

"Bí wọ́n ṣe ń fi fíìmù hàn ni, Ọ̀gá."

"Ṣé o fẹ́ràn fíìmù?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, sà."

"Wàhálà dé nìyẹn," ni wọ́n wí. "Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá yìí. Má wo fíìmù, ẹ̀rọ ni kí o wò. Àwọn tó jókòó nísàlẹ̀ ló wá wo fíìmù. Ọjọ́ tí ìwọ náà bá bá wọn wò ó, ọjọ́ náà ni wọn kò ní rí i wò."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé òfin yẹn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí dúró lé. Fíìmù kan kì í wà lójú kan. Róòlù márùn-ún tàbí mẹ́fà ni wọ́n máa ń pín in sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì ṣiṣẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀rọ méjì ló wà ní yàrá wa lókè. Bí róòlù kan bá ń parí lọ lórí ẹ̀rọ kìíní, èyí tó kàn gbọ́dọ̀ gbà á lórí ẹ̀rọ kejì láìjẹ́ kí èrò mọ̀. Báwo lo ṣe máa mọ ìgbà tó yẹ? Àmì róbótó kékeré kan á yọ ní igun òkè àwòrán lápá ọ̀tún, á sì pòórá kí o tó ṣẹ́jú. Kíá, o tan mọ́tò ẹ̀rọ kejì. Bí o bá ka nǹkan bí méje, àmì kejì á yọ: o ṣí iná ẹ̀rọ kejì, o sì bo ti àkọ́kọ́. Bí o bá pàdánù rẹ̀, aṣọ funfun lásán ni èrò á máa wò, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ìyá rẹ.

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni Ọ̀gá kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ìdí tábìlì ni mo wà, mo ń yí róòlù padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní kí n di ojú, kí n máa fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá gbá etí fíìmù náà mú bó ṣe ń kọjá, kí n fi mọ ibi tó ti fẹ́ ya. Bí mo bá fo ibi kan, rúlà dé. Ó máa ń dùn mí débi pé mo máa ń fi ọwọ́ òsì jẹun. Àmọ́ nígbà tó yá, ìka mi mọ oríṣiríṣi: ibi tó ya, ibi tí wọ́n ti lẹ̀, ibi tí ẹ̀rọ aláìmọ̀kan kan ti jẹ. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. N kò wo ẹnu àáké, ọwọ́ ara mi ni mo ń wò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kọ́ mi ní iná. Kì í ṣe gílóòbù ló ń mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀rọ ayé ìgbà náà. Ọ̀pá èédú méjì ni wọ́n máa ń kọjú síra, iná á sì bù yẹ̀rì láàrin wọn. Ẹni tó bá wò ó láìlo gíláàsì dúdú, omi á máa dà lójú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀gá sọ fún mi pé ogún ọdún ni àwọn fi wò ó kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún àwọn nípa gíláàsì. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n ti ronú.

Ohun kan wà tó yẹ kó ti ṣe mí ní kàyéfì. Àwọn fíìmù Íńdíà tí à ń fi hàn máa ń gùn bí ọ̀nà Èkó, síbẹ̀ Ọ̀gá kì í pàdánù àmì kankan. Wọ́n á kọjú mi sí ògiri lẹ́bàá tábìlì, wọ́n á dúró láàrin ẹ̀rọ méjèèjì, wọ́n á máa kun orin tí wọ́n ń kọ nínú fíìmù náà wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà, ọwọ́ wọn á lọ, ẹ̀rọ á gba ẹ̀rọ. Mo rò pé orin ló dùn mọ́ wọn.

Àwọn fíìmù Japáànù ló tú àṣírí náà fún mi.

Alájà ti béèrè fún eré ìjà Ṣáínà lọ́wọ́ ẹni tó ń kó fíìmù wá láti Èkó. Fíìmù mẹ́rin dé nínú àpótí irin, lẹ́tà tó wà lára wọn rí bí ibi tí adìyẹ ti fẹsẹ̀ wá oúnjẹ. Alájà wò ó, wọ́n ní, "Ṣáínà nìyẹn." Ta ló máa jiyàn? Ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ya ọkùnrin kan tó fò sókè, tó ń fẹsẹ̀ gbá ẹni mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Ní Sátidé, láago mẹ́rin ọ̀sán, kò sí àyè láti fi abẹ́rẹ́ gún nínú ilé náà.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Kò ní àwọ̀. Òjò ń rọ̀ ní òpópónà tóóró kan. Ọkùnrin kan dúró lábẹ́ iná, ó wọ kóòtù gígùn, ó ń mu sìgá. Kò sí orin. Ó mu sìgá náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ẹnì kan pariwo láti ìsàlẹ̀, "Ṣé ó máa jà àbí kò ní jà?"

Òmíràn dá a lóhùn, "Ní sùúrù, jẹ́ kó mu sìgá rẹ̀ tán ná!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo kọjú sí ògiri náà ń rẹ́rìn-ín sínú. Kò pẹ́, mo gbọ́ tí etí fíìmù ń na ẹ̀rọ pàpàpà: róòlù kìíní ti tán, ẹ̀rọ kejì kò sì tíì gbà á. Mo yíjú padà. Aṣọ funfun ń tàn balau. Ariwo sọ. Ọ̀gá Odùṣọ́lá dúró láàrin ẹ̀rọ méjèèjì, ọwọ́ wọn wà lórí ìkejì, wọ́n kọjú síwájú bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pe orúkọ òun.

"Fíìmù burúkú," ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n tan ìkejì tán. "Ó dúdú jù. Sún èédú mọ́ra."

Mo yọjú lójú fèrèsé kékeré. Fíìmù náà kò dúdú jù. Òkùnkùn wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òkùnkùn tí wọ́n fi ọgbọ́n tò ni. Mo rí omi lórí fìlà ọkùnrin náà, mo rí òjìji àtẹ̀gùn lára ògiri. Mo ní, "Ọ̀gá, ó hàn o." Róòlù kejì tún parí, wọ́n tún pàdánù rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni mo ń to róòlù Íńdíà kan padà sí àpótí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Orin ni Ọ̀gá fi ń ka róòlù. Wọ́n mọ ẹsẹ orin tí róòlù kọ̀ọ̀kan parí sí, wọ́n mọ igbe tí ìyá ọmọ máa ké kí àmì tó yọ. Ojú wọn kò rí àmì mọ́, bóyá ó ti tó ọdún méjì. Fíìmù Japáànù yìí kò sì ní orin tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ènìyàn á dúró, á wo ènìyàn, òjò á máa rọ̀.

Kí ẹ lè mọ ohun tó wà nílẹ̀: Alájà ti ń sọ ọ́ káàkiri pé wọ́n ń rọ òun láti ra ẹ̀rọ fídíò, pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ òkè bá tún dójú ti òun, fídíò lòun máa gbé síbẹ̀. Ọ̀gá kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Àbíkẹ́yìn wọn ṣì wà nílé ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ̀ pé ẹni tó ń fi àwòrán han ìlú kò rí àwòrán mọ́, ó parí nìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òde òní á ti sọ ọ́ lójú wọn. Wọn kò tọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, kí ilẹ̀kùn tó ṣí, mo ní, "Ọ̀gá, ariwo èrò yìí ti pọ̀ jù, ó lè dí yín lọ́wọ́. Ṣé kí n máa fọwọ́ kàn yín léjìká nígbà tí àmì bá yọ?"

Wọ́n mú aṣọ ìnuwọ́, wọ́n nu ojú ẹ̀rọ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Bí ariwo bá pọ̀," ni wọ́n wí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ẹ̀yìn sí ògiri. Mo di ojú ọ̀gá mi. Àmì yọ, mo kàn wọ́n léjìká lẹ́ẹ̀kan: mọ́tò. Àmì kejì yọ, mo tún kàn wọ́n: iná. Ọwọ́ wọn yá débi pé bí ẹ bá wà nísàlẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé ènìyàn méjì ló ń ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Mo ń gbéraga díẹ̀, n kò ní purọ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó máa rí àmì gbọ́dọ̀ wo àwòrán. Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo fíìmù, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí mo ti rò pé mo mọ ohun tí fíìmù jẹ́. N kò rí irú rẹ̀ rí. Nínú eré tí à ń fi hàn tẹ́lẹ̀, láti ibi tí ọ̀daràn bá ti yọjú ni o ti máa mọ̀ ọ́n, irùngbọ̀n rẹ̀ nìkan tó ẹ̀rí. Nínú ti Japáànù yìí, ọ̀daràn jọ ènìyàn. Ó ní ìyàwó, bàtà rẹ̀ ti jẹ, ó ń bẹ̀rù. Ọlọ́pàá tó ń wá a náà kò sùn dáadáa. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ kò pọ̀. Ojú wọn ló ń sọ̀rọ̀, àti òjò, àti iná tó ń kùn lókè ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe èmi nìkan ló mú. Alájà ti fẹ́ dá àpótí náà padà, àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láti kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Ìjàgun padà wá ní Sátidé kejì, wọ́n mú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dání. Àwọn tíṣà tẹ̀lé wọn. Wọ́n á jáde láago mẹ́fà, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa jiyàn lórí ta ló pa ẹni tó kú àti ìdí tó fi pa á. Alájà ní kí ayàwòrán pa ẹni tó ń fò rẹ́, kó ya ẹni tó ń mu sìgá.

A ti fi mẹ́ta hàn. Ó ku ìkẹrin, òun ló sì dùn jù. Ọkùnrin tó ń ta aago ni wọ́n pa nínú òjò. Ẹsẹ̀ apànìyàn nìkan ni wọ́n fi hàn wá bó ṣe ń lọ. Àbúrò olóògbé wà níbẹ̀, tó máa jogún ṣọ́ọ̀bù. Télọ̀ kan wà níbẹ̀ tó háyà yàrá òkè, òun ló sunkún jù níbi ìsìnkú. Ọlọ́pàá ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí róòlù kẹrin ń parí lọ, apànìyàn dúró sórí afárá, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ọlọ́pàá sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo gbàgbé ibi tí mo wà. Mo na ọrùn lójú fèrèsé, mo ń sọ nínú ara mi pé, yíjú, yíjú, yíjú.

Àmì yọ. Mo rí i. Mo fi ojú mi méjèèjì rí i, mo sì rò pé ara fíìmù ni.

Aṣọ funfun tàn balau.

Ariwo tó sọ nísàlẹ̀, mo rò pé òrùlé á ṣí. Ọ̀gá fò sí ẹ̀rọ tó kàn. Nínú ìkánjú, wọ́n ṣí iná kí wọ́n tó tan mọ́tò. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ iṣẹ́ wa, ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé fíìmù gbọ́dọ̀ máa sáré níwájú iná yẹn. Tó bá dúró, ó jóná. Àwòrán yọ lójú aṣọ: apànìyàn lórí afárá, ó ti fẹ́ yíjú, èjìká rẹ̀ ti mì. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ihò pupa kan là láàrin orí rẹ̀, ó ń hó, ó ń gbòòrò, ó jẹ ojú rẹ̀ tán níṣojú gbogbo wa. Ìgbà tí mo fi pa iná, fíìmù tó gùn ju mítà mẹ́wàá ti lọ́ mọ́ inú ẹ̀rọ, ó ya.

Alájà gun àtẹ̀gùn wá fúnra wọn. Wọn kì í wá sókè rí. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìborùn wọn ti já sí èjìká.

"Ta ló wà nídìí ẹ̀rọ?"

Mo ní, "Èmi ni, mà. Ẹ̀bi mi ni."

"Irọ́ ló ń pa," ni Ọ̀gá wí.

"Ọ̀gá, kì í ṣe irọ́. Mo ń wo..."

"Dákẹ́, Kàmọ́rù." Wọ́n bọ́ gíláàsì dúdú, wọ́n kọjú sí ibi tí ohùn Alájà ti wá. "Alájà, n kò rí àmì mọ́. Ó ti lé lọ́dún méjì. Ọmọ yìí ló ń fi ojú rẹ̀ bò mí."

Ojú tì mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo ti ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọ̀gá mi lọ́wọ́. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi.

Alájà fi orúkọ ọmọ pe Ọ̀gá. Wọ́n ní, "Bàbá Fẹ́mi, ọdún méjì lẹ fi ń ṣe èyí, n kò sì mọ̀?"

"Ẹ kò mọ̀, mà."

"Ẹ̀rọ kò ní tún wà lọ́wọ́ ẹni tí kò rí àmì. Ìyẹn kò ṣeé jiyàn." Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ ni kí o mú un láti Sátidé tó ń bọ̀. Bó o bá tún wo fíìmù, ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn èrò ni màá dá ọ padà sí." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Bàbá Fẹ́mi, ìka yín ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà ti lọ?"

Ọ̀gá ní ìka àwọn wà níbẹ̀.

"Ẹ jókòó sídìí tábìlì nígbà náà. Kò sí fíìmù tó máa jáde níbí tí ìka yín kò ní kọ́kọ́ wò."

Bí ó ṣe di pé ọ̀gá jókòó sí ibi tí ọmọṣẹ́ ń jókòó nìyẹn, tí ọmọṣẹ́ sì dúró láàrin ẹ̀rọ. Wọn kò bínú sí mi. Ì bá sàn kí wọ́n fi rúlà lù mí. Èmi àti àwọn la jọ gé ibi tó jóná, tí a sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ní Sátidé kejì, a tún fi fíìmù náà hàn. Apànìyàn dúró sórí afárá, èjìká rẹ̀ mì, àwòrán fò: òkú ti wà nínú omi, ọlọ́pàá ti da kóòtù bò ó. Kò sẹ́ni tó rí ojú rẹ̀ ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde.

Ọ̀rọ̀ di iyàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìjàgun ní àbúrò ni. Tíṣà kan ní ẹlòmíràn tí wọn kò tíì fi hàn wá ni. Èmi náà ní àbúrò ni, mo sì ní ìdí mẹ́rin.

Ọ̀gá ń yí róòlù padà. Wọ́n ní, "Télọ̀ ni."

"Télọ̀ kẹ̀, Ọ̀gá? Ẹni tó sunkún jù!"

"Ojú ló ń sunkún, Kàmọ́rù. Ẹsẹ̀ kì í sunkún. Ẹni tó pa bàbá aago nínú òjò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wúwo, èkejì ń wọ́ díẹ̀. Nínú róòlù kẹta, télọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn onígi. Ẹsẹ̀ kan náà ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìró ẹ̀rọ wa ni. Wọ́n ní ó dáa, ọjọ́ tí mo bá rí ojú ẹni náà kí n wá sọ fún àwọn. Bí kì í bá ṣe télọ̀, ìyá Fẹ́mi á se ìkọ́kọrẹ́ tí màá jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Àpótí Japáànù padà sí Èkó. Ní bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọ̀gá fẹ̀yìn tì sí Imùṣin. Èmi ń bá iṣẹ́ lọ. Fídíò dé lóòótọ́, a gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá sí iwájú aṣọ funfun, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi sípíríìtì nu orí tó ń ka téèpù. Jẹnẹrétọ̀ dé, mo kọ́ ìyẹn. Àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní DVD dé, kò sí ohun tó ṣeé kọ́ níbẹ̀, o kàn ń tì í wọlé ni. Wọ́n ta ilé sinimá fún ìjọ kan, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń yá àwọn ènìyàn ní fíìmù, mo fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Iṣẹ́ náà kò febi pa mí, mo dúpẹ́. Àmọ́ n kò tún rí irinṣẹ́ kan tó ń béèrè ìka lọ́wọ́ mi.

Gbogbo Iléyá ni mo máa ń gbé ẹran lọ fún Ọ̀gá ní Imùṣin. Wọn kò rí nǹkan kan mọ́ rárá nígbà tó yá. Kí n tó wọlé ni wọ́n á ti pe orúkọ mi láti ibi ìró ẹsẹ̀ mi lórí yẹ̀pẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ṣé o ti rí ojú ẹni yẹn?"

"N kò tíì rí i, Ọ̀gá. Àbúrò ni."

"Télọ̀ ni."

Ìyá Fẹ́mi á ní ìjà àwọn wèrè méjì tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá kú ní ọdún kan tí òjò pọ̀. Wọn kò gba ìdáhùn.

Ó di ọdún tó kọjá. Sàìdátù, ọmọbìnrin mi tó ń kọ́ni ní Ìjàgun, gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu mi fún ìgbà tí kò níye. Ó bínú, ó mú fóònù, ó ní kí n sọ gbogbo ohun tí mo rántí: aago, òjò, afárá, kóòtù. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá a. Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn ìrun àsárì, ó gbé fóònù náà sí mi lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ wò ó bóyá òun ni."

Òun ni. Afárá náà kéré bí ìka mi nínú fóònù. Apànìyàn kọ ẹ̀yìn sí mi. Èjìká rẹ̀ mì. Mo rántí ihò pupa yẹn, ọwọ́ mi sì ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa iná. Ó yíjú.

Télọ̀ ni.

Mo jókòó. Sàìdátù béèrè bóyá ara mi yá, mo ní kó fún mi láyè díẹ̀. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún ara mi pé èmi ni mo jẹ́ ojú ọ̀gá mi. Mo ní kí ọmọ mi dá fíìmù náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, síbi òjò, kó gbé fóònù náà sún mọ́ etí mi.

Lẹ́yìn náà ni mo di ojú, bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́. Òjò ń rọ̀. Ẹsẹ̀ kan wúwo. Èkejì ń wọ́ díẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, mo ti gbọ́ ọ."